Ìdámẹ́rin Ínṣì Lórí Àgékù Ańkárá: Bí Igun Ìbora Yín Yóò Ṣe Bára Mu

Ẹni tó bá ti rán bùbá àti ìró títí iṣẹ́ fi mọ́ ọn lọ́wọ́ ní àṣà kan tó gbọ́dọ̀ gbé sílẹ̀ kó tó jókòó ti ìbora àgékù. Àṣà náà ni fífi àláwáǹsì, ìyẹn etí aṣọ tó máa ń ṣẹ́kù sí ẹ̀gbẹ́ ojú rírán, sílẹ̀ bí ọwọ́ bá ṣe bá a. Nínú aṣọ wíwọ̀, kò burú. Oníbàárà lè sanra lọ́dún tó ń bọ̀, a ó tú ẹ̀gbẹ́, a ó fi kún un, òun náà á sì dúpẹ́ pé a fi àyè sílẹ̀ fún òun. Bí apá ọ̀tún bá gba ìlàjì ínṣì, tí tòsì gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ara ẹni tó wọ̀ ọ́ ni yóò gbé e. Ìbora kò ní ara tí yóò bá wa gbé nǹkan kan. Bí igun kò bá pàdé igun, gbogbo ẹni tó bá wọ yàrá ni yóò rí i.

Ìkòròdú ni mo ti ń ránṣọ, lápá Ìta-Ẹlẹ́wà. Lẹ́yìn Iléyá àti lẹ́yìn Kérésì, àgékù aṣọ ẹbí máa ń kún inú àpò débi pé a ò ní ríbi gbẹ́sẹ̀ lé nínú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn àgékù yìí ni mo ń gé ní onígun mẹ́rin, tí mò ń rán pọ̀, tí mò ń tẹ́ òwú pẹlẹbẹ sí lábẹ́, kí n tó fi aṣọ mìíràn bo inú rẹ̀. Àwọn òyìnbó ń pè é ní quilt. Kì í ṣe ohun àjèjì sí wa rárá. Ẹni tó bá ti wo ẹ̀kú eégún dáadáa ti rí bí àwọn baba wa ṣe ń to àgékù aṣọ iyebíye mọ́ ara wọn, tí etí wọn á sì yọ ní ṣóńṣó ṣóńṣó.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan kí ẹ lè mọ ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀dì ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ní mẹ́fà jẹ́ ínṣì 72. Bí a bá fẹ́ kí àgékù kọ̀ọ̀kan di ínṣì 3 nígbà tí a bá rán an tán, a ó gé e ní ínṣì 3½, torí ìdámẹ́rin ínṣì yóò wọ inú lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àgékù 24 ni yóò wà lórí ìlà kan, ojú rírán 23 ni yóò sì so wọ́n pọ̀. Ojú rírán kọ̀ọ̀kan ń jẹ aṣọ lápá ọ̀tún, ó tún ń jẹ ẹ́ lápá òsì, ìyẹn ni pé ibi 46 ni aṣọ ti ń wọlé. Ìlà tó kéré jù lórí ọ̀pọ̀ téèpù télọ̀ ni 1/8 ínṣì. Ẹ pín in sí mẹ́rin, kó di 1/32. Bí ẹ bá fi ìwọ̀nba 1/32 yìí jẹ aṣọ jù níbi kọ̀ọ̀kan, ìlà yín yóò fi ínṣì 1 àti 7/16 kúrú, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ínṣì kan ààbọ̀. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí ìlà kejì bá wá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn, tí tirẹ̀ kò jẹ aṣọ jù, kò sí bí ẹ ṣe lè fà á tí igun àwọn ìlà méjèèjì á fi pàdé.

Nítorí náà, kó tó di pé a dé ìdí máṣíìnì, ẹ wo aṣọ fúnra rẹ̀. Ẹ fọ gbogbo àgékù tí wọn kò tíì fọ̀ rí. Ańkárá tuntun máa ń le nítorí ohun tí wọ́n fi pa á lára, òwú ojúlówó sì máa ń súnkì nígbà tó bá kọ́kọ́ rí omi. Àdìrẹ àti kámpálà ní tiwọn, ẹ fọ̀ wọ́n lọ́tọ̀ títí omi wọn yóò fi mọ́. Bí kò bá dá yín lójú pé òwú ni aṣọ kan, ẹ fa okùn rẹ̀ kan, kí ẹ sun ún. Òwú máa ń jó bíi bébà, á sì di eérú; pọ́lísítà á yọ́, á dì ní kókó líle. Èmi kì í da méjèèjì pọ̀ nínú ìbora kan, torí áyọ́ọ̀nù tó gbóná tó fún òwú yóò ba pọ́lísítà jẹ́.

Ní ti gígé, ẹ má fi téèpù máa wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe àwòṣe kan tó jẹ́ ínṣì 3½ gẹ́lẹ́, kí ẹ sì fi òun nìkan gé gbogbo ìbora náà. Páálí dára fún ọjọ́ díẹ̀, àmọ́ etí rẹ̀ máa ń jẹ bí ṣọ́ọ̀kì bá ṣe ń lọ tó ń bọ̀ lára rẹ̀, àgékù á sì máa kéré sí i láìjẹ́ pé ẹ fura. Pátákó pẹlẹbẹ tí káfíńtà fi ayùn gé tàbí ike líle ló ń pẹ́. Ẹ fi réèsà pọ́n ẹnu ṣọ́ọ̀kì kó mú, torí ìlà ṣọ́ọ̀kì tó kú lè fẹ̀ ju àṣìṣe tí à ń sá fún lọ. Lórí aṣọ dúdú, ọṣẹ ìfọṣọ tó ti tín-ín-rín dára ju ṣọ́ọ̀kì lọ. Ojú òwú, ìyẹn ibi tí okùn inú aṣọ kọjú sí, ni kí ẹ tẹ̀lé, ẹ má tẹ̀lé bátànì, nítorí bátànì ańkárá máa ń wọ́ nígbà mìíràn. Aṣọ tí ẹ bá gé dàgẹ̀rẹ̀ sí ojú òwú yóò máa fà lọ́wọ́ yín bí ẹ ti ń rán an. Bó bá sì jẹ́ àlùmọ́gàjí ni ẹ fi ń gé, ẹ má to aṣọ jọ ju ìpele mẹ́rin lọ, torí èyí tó wà nísàlẹ̀ máa ń sá.

Ó wá ku máṣíìnì, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Máṣíìnì dúdú ẹlẹ́sẹ̀ tí ọ̀pọ̀ wa fi kọ́ṣẹ́ kò ní bí a ṣe ń sún abẹ́rẹ́ sọ́tùn-ún sósì. Ojú kan ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà. Àwọn kan máa ń fi etí irin tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ ṣe àmì, wọ́n á ní ìdámẹ́rin ínṣì ló wà láàárín òun àti abẹ́rẹ́. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè máà jẹ́ bẹ́ẹ̀, torí irin tí wọ́n ń tà lọ́jà kò fẹ̀ bákan náà. Ohun tí mo fọkàn tán ni ọgbà kékeré tí a fúnra wa ṣe sára máṣíìnì, tí etí aṣọ yóò máa fara tì.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo máa ń mú páálí tó gún régé létí, màá fi rúlà àti pẹ́ńsùlù tó mú fa ìlà kan sí ìdámẹ́rin ínṣì sí etí náà. Màá yọ òwú kúrò lójú abẹ́rẹ́, màá gbé páálí sábẹ́ rẹ̀ kí etí náà kọjú sọ́tùn-ún, màá wá fi ọwọ́ yí wíìlì jẹ́jẹ́ títí ẹnu abẹ́rẹ́ yóò fi gún orí ìlà yẹn gan-an. Kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ìlà o, orí rẹ̀ ni. Màá wo iwájú, màá wo ẹ̀yìn, kí páálí lè dúró ṣánṣán, màá sì sọ irin kalẹ̀ kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ibi tí etí páálí bá dé lọ́wọ́ ọ̀tún ni màá lẹ plásítà mọ́, èyí tí a fi ń di ojú egbò, ní ìpele lórí ìpele títí á fi ga tó láti dá aṣọ dúró. Ẹ jẹ́ kó gùn wá sí iwájú yín dáadáa, ó kéré tán ínṣì 2, kí aṣọ ti fara tì í kó tó dé ọ̀dọ̀ abẹ́rẹ́. Ẹ má jẹ́ kó bo eyín tó ń wọ́ aṣọ lọ. Bí ìsàlẹ̀ sílípáàsì rọ́bà tó ti gbó bá wà nílé, ẹ fi réèsà gé etí rẹ̀ kan tó gún, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ dípò plásítà; òun kì í tètè jẹ. Máṣíìnì mìíràn ní ihò síkúrù lórí irin lápá ọ̀tún abẹ́rẹ́, irin atọ́nà tí wọ́n ń tà fún un ni ẹ ó dè síbẹ̀.

Ẹ máa rò pé a ti parí. A ò tíì parí. Aṣọ tí a rán tí a sì ṣẹ́ padà máa ń jẹ díẹ̀ sí i níbi tó ti ṣẹ́, nítorí pé òwú àti aṣọ ní sísanra tiwọn. Ìdámẹ́rin ínṣì tó pé gẹ́lẹ́ lójú rúlà yóò wá jẹ aṣọ jù. A ní láti dín in kù ní ìwọ̀n okùn kan tàbí méjì nínú okùn tí wọ́n fi hun aṣọ náà. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé kí wọ́n má ṣe wọn ojú rírán mọ́, kí wọ́n wọn aṣọ tó ṣẹ́kù.

Ẹ gé aṣọ pẹlẹbẹ mẹ́ta tí fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínṣì 1½, tí gígùn wọn jẹ́ bíi ínṣì 4. Ẹ rán wọn pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ wá gbé rúlà lé ti àárín. Ínṣì 1 gẹ́lẹ́ ló gbọ́dọ̀ jẹ́, kí gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ sì jẹ́ ínṣì 3½. Ọmọ iṣẹ́ mi kan gbé tirẹ̀ wá bá mi, ó fọwọ́ sọ̀yà.

"Àǹtí, mo wọ̀n ọ́n, ìdámẹ́rin ínṣì ni."

"Ṣé o ti lọ̀ ọ́?"

"Rárá, mà."

"Lọ̀ ọ́, kí o wá wọn ti àárín fún mi."

Nígbà tó padà dé, ó di rúlà mú lórí rẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan. Ti àárín kò kan ìlà ínṣì 1. Ó fi 1/16 kù díẹ̀ káàtó. Ojú rírán tó wọ̀n kò purọ́ fún un, ìṣẹ́po aṣọ ni kò kà mọ́ ọn. Bí tiyín bá rí báyìí, ẹ má sún ọgbà náà ní 1/16. Apá méjì ni wọ́n ti jẹ aṣọ àárín, nítorí náà ìlàjì rẹ̀ ni kí ẹ sún un, ìyẹn 1/32, súnmọ́ abẹ́rẹ́. Bó bá ju ínṣì 1 lọ, ẹ sún un jìnnà sí abẹ́rẹ́ lọ́nà kan náà. Ẹ tún pẹlẹbẹ mẹ́ta mìíràn rán. Ẹ má dúró títí yóò fi pé.

Fún rírán náà, abẹ́rẹ́ tuntun nọ́ńbà 14 dára fún ańkárá, kí ojú rírán sì wà láàárín 10 sí 12 nínú ínṣì kan, torí a kì í rán ẹ̀yìn rẹ̀ padà bíi ti aṣọ wíwọ̀. Òwú tín-ín-rín tó lágbára ló dáa. Ọgbà yẹn ni kí ojú yín wà lára, ẹ fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ kó máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má fa aṣọ láti ẹ̀yìn, torí yóò tẹ abẹ́rẹ́, ojú rírán á sì wọ́. Ẹ kọ́kọ́ rán orí àgékù yẹpẹrẹ kan, kí ẹ wá ti ojúlówó tẹ̀lé e láìgé òwú, òmíràn á tún tẹ̀lé ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa so mọ́ra wọn lọ. Ìgbà náà ni máṣíìnì kò ní gbé igun àkọ́kọ́ mì.

Ibi tí ọwọ́ ti ń yà jù ni ìlàjì ínṣì tó kẹ́yìn. Ìka kò dé ibẹ̀ mọ́, aṣọ á sì yí sọ́tùn-ún tàbí sósì. Igi ìgbálẹ̀ kan ni mo máa ń fi tẹ ẹ̀yìn aṣọ náà mọ́ ara ọgbà títí abẹ́rẹ́ yóò fi kọjá. Kò wọ́n, bí abẹ́rẹ́ bá sì gún un, kò ní ba abẹ́rẹ́ jẹ́ bí irin ṣe lè bà á jẹ́.

Lẹ́yìn rírán, áyọ́ọ̀nù. Ẹ kọ́kọ́ tẹ ojú rírán náà bó ṣe wà, kí ẹ tó ṣí aṣọ, kí ẹ wá tẹ àláwáǹsì méjèèjì sí apá kan náà. Mo ní kí ẹ tẹ̀ ẹ́: ẹ gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, ẹ gbé e sókè. Bí ẹ bá ń wọ́ ọ lọ bọ̀ bí ìgbà tí ẹ ń lọ sòkòtò, gbogbo ìwọ̀n tí ẹ ti ṣe làálàá lé lórí yóò fà. Ní àdúgbò wa, a kì í fi iṣẹ́ dúró de iná, áyọ́ọ̀nù eléèédú wà nílẹ̀. Ẹ nu ìdí rẹ̀, kí ẹ sì fẹ́ eérú dànù jìnnà sí orí tábìlì. Ní ìlà kìíní, ẹ tẹ gbogbo àláwáǹsì sí ọ̀tún. Ní ìlà kejì, ẹ tẹ̀ wọ́n sí òsì. Nígbà tí ẹ bá wá fi ìlà méjèèjì kojú ara wọn láti rán wọn pọ̀, ẹ ó fi ìka yín mọ̀ ọ́n bí ìṣẹ́po kan ṣe wọ inú èkejì, tí wọ́n sì di ara wọn mú. Pínnì kan níbẹ̀ ti tó. Ẹ yọ ọ́ kí abẹ́rẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ má rán ìlà mẹ́rìnlélógún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mẹ́ta mẹ́ta ni kí ẹ kọ́kọ́ so, kí ẹ so ìlà mẹ́ta pọ̀, ìyẹn àgékù 9, kó di ojú kan tó jẹ́ ínṣì 9½ lọ́nà méjèèjì. Mẹ́jọ irú rẹ̀ ló gba orí bẹ́ẹ̀dì já. Ẹ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan bó bá ti kúrò lábẹ́ áyọ́ọ̀nù. Èyí tí kò bá pé, ìgbà yẹn ni kí ẹ tú u: ẹ fi ẹnu réèsà já ojú rírán ní mẹ́ta mẹ́ta lẹ́yìn kan, kí ẹ fa òwú ẹ̀yìn kejì, yóò yọ láìya aṣọ. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ fà á kó lè pé, torí ọjọ́ tí omi bá kàn án, yóò padà sí bó ṣe wà.

Máṣíìnì kan fún ìbora kan. Bó bá jẹ́ ọmọ iṣẹ́ méjì ló ń bá yín rán an, kí wọ́n máa gba ara wọn lórí máṣíìnì kan náà. Bí onímáṣíìnì bá wá tún un ṣe, tàbí tí ẹ pààrọ̀ irin tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀, tàbí tí ẹ bọ́ sórí òwú tó sanra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ kọ́kọ́ gé pẹlẹbẹ mẹ́ta oní-1½, kí ẹ rán an, kí ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ wọn ti àárín, kí ẹ tó mú àgékù ìbora yín padà sábẹ́ abẹ́rẹ́.