Mọ́tò Àtijọ́, Ẹ Wà Á!

Ẹ̀yin tí ẹ ra Píjò 504 tàbí ìjàpá Volkswagen, tí ẹ fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, tí ẹ wá fi tapólì bò ó sínú gàráàjì, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Mọ́tò tí kì í rìn, ńṣe ló ń bàjẹ́ lórí ìdúró. Epo tó pẹ́ nínú káábúrétọ̀ á dì, á dí àwọn ihò kéékèèké inú rẹ̀. Bíréèkì á gan, bátìrì á kú, táyà á tẹ́ lápá ibi tó fi kan ilẹ̀. Ẹ máa gbé e jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó kéré tán fún ìdajì wákàtí, kí ẹ́ńjìnì lè gbóná dénú. Àwọn tó ń tan mọ́tò lórí ìdúró fún ìṣẹ́jú 5, tí wọ́n tún pa á, omi ni wọ́n ń kó jọ sínú sàléńsà àti ọ́ìlì.

Ìyá Oní-Píjò ni wọ́n ń pè mí l'Ókè-Àjẹ, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Aṣọ òkè ni mò ń tà, 504 ni mo sì fi ń gbé e lọ fún àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, tó bá fẹ́ dá aṣọ Òjúde Ọba. Àwọn ọmọ mi ní kí n ra Toyota tó ní éyàsì. Mo ní òótọ́ ni, Toyota tutù, ṣùgbọ́n ta ló ń kí ẹni tó wà nínú Toyota? Nínú Píjò mi, láti Ìta-Ọ̀ṣú dé Mólípà, àwọn bàbá arúgbó á dìde lórí àga kí wọ́n lè kí mi.

Tí ẹ kò bá tíì ra tiyín, 504 ni màá kọ́kọ́ tọ́ka sí. Ọdún 1968 ni wọ́n gbé e jáde ní Faransé. Láti 1975 ni wọ́n ti ń tò ó ní Kàdúná, wọn ò sì dáwọ́ dúró títí wọ inú àwọn ọdún 2000, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí pààtì rẹ̀ títí dòní. Ọdún 1975 kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ìjàpá Volkswagen l'Ékòó. Morris Minor, mọ́tò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́wà, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn ọ̀pọ̀ nínú wọn wà, torí pé ọwọ́ òsì la fi ń rìn bíi àwọn Gẹ̀ẹ́sì títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972. Tí ẹ bá fẹ́ kọjá tírélà, ẹ ò ní rí iwájú àfi tí ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín bá bá yín wò ó. Ẹ mú ẹni tójú rẹ̀ ríran dání, tí kì í sì í ṣe aláròyé. Gíà àkọ́kọ́ Morris kò ní synchro, ohun tó ń jẹ́ kí gíà wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí mọ́tò dúró pátápátá kí ẹ tó kó o sí wán.

Nígbà tí ẹ bá ń rà á, ẹ má wo ọ̀dà. Ẹ yọ mágínẹ́ẹ̀tì lára sípíkà tó ti bàjẹ́, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé e kó má ha ọ̀dà, kí ẹ máa gbé e lé ara mọ́tò kiri. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, pọ́tì ni pánẹ́ẹ̀lì bítà fi dí ibẹ̀, irin ti jẹ tán lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì, ẹ wo ilẹ̀ mọ́tò. Ẹ́ńjìnì ṣe é tún ṣe, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó ti jẹrà máa gbówó lọ́wọ́ yín ju iye tí ẹ ra mọ́tò náà.

Ọ̀rọ̀ ooru ẹ́ńjìnì ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, torí ibẹ̀ làwọn mẹkáníìkì wa ti ń ba nǹkan jẹ́. Wọ́n á ní ilẹ̀ wa gbóná, thermostat, ohun tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnì á fi gbóná, ò wúlò, wọ́n á sì yọ ọ́ jù nù. Irọ́ ni. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ́ńjìnì ò ní tètè gbóná dé ibi tó yẹ, epo á máa lọ lófò, ọ́ìlì á sì máa dọ̀tí kíákíá. Ẹ ní kí wọ́n dá a padà. Fáànù 504 pẹ̀lú, iná mànàmáná ló ń gbá a mú: tí omi bá gbóná, fáànù á bẹ̀rẹ̀ sí í yí, tó bá tutù, á tú sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti dè é pa kó lè máa yí láìdákẹ́. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ariwo rẹ̀ á pọ̀, á sì máa jẹ epo. Ẹ má bu omi kànga sí rédíétọ̀: orí ẹ́ńjìnì 504, alumíníọ̀mù ni, omi lásán á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Kúláǹtì ni kí ẹ rà.

Ìjàpá ò ní rédíétọ̀ rárá. Afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì ló ń tù ú, ọ́ìlì ọ̀hún ò sì ju lítà 2.5 lọ, asẹ́ kékeré ló ń sẹ́ ẹ, kò ní fítà. Kò gbọdọ̀ ju kìlómítà 5,000 kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀. Pẹ̀lú oòrùn wa yìí, ẹ ṣe é ṣáájú ìgbà náà. Tí iná pupa bá tàn nínú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ má ní ẹ fẹ́ rọra délé. Ó ṣeé ṣe kí bẹ́líìtì ti já, bẹ́líìtì kan náà ló sì ń yí fáànù tó ń tu ẹ́ńjìnì. Ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Gbogbo rọ́bà tí epo ń gbà kọjá ni kí ẹ pààrọ̀, torí tó bá ya, orí ẹ́ńjìnì gbígbóná ló ń jò sí, iná ló sì máa ń dá. Inú mọ́tò, nítòsí ẹsẹ̀ yín, ni kí ẹ gbé ohun ìpaná sí, ẹ má kó o sí búùtù.

Wíwà rẹ̀ gan-an wá ńkọ́? Láàárọ̀, ẹ fa ṣóòkù, ẹ tẹ torótù díẹ̀, ẹ sítáàtì. Bí ẹ́ńjìnì bá ṣe ń gbóná ni kí ẹ máa ti ṣóòkù wọlé, ẹ má jẹ́ kó wà níta títí, torí epo á máa fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sílíńdà. Ẹ má fi ẹsẹ̀ pariwo mọ́ ẹ́ńjìnì tútù. Lójú ọ̀nà, 70 sí 80 ni mo ń sá, mi ò bá ẹnikẹ́ni díje. Ẹ fi àyè tó pọ̀ sílẹ̀ sí ẹ̀yìn mọ́tò iwájú, pàápàá nínú ìjàpá tí kò ní ohun tó ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ lórí bíréèkì. Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ já gíà wálẹ̀ kó máa di mọ́tò mú. Táyà ẹ̀yìn ló ń ti 504 àti ìjàpá, nítorí náà tí òjò bá rọ̀ sórí ilẹ̀ pupa, ẹ má fẹsẹ̀ jan torótù nígbà tí ẹ bá ń yà, ìdí mọ́tò á fẹ́ ṣáájú orí.

Mi ò fẹ́ràn márosẹ̀ Ṣàgámù sí Ọ̀rẹ̀ fún irú mọ́tò yìí, tírélà ti pọ̀ jù. Àárọ̀ Sátidé ni mo máa ń gba Àgọ́-Ìwòyè já sí Ìlíṣàn, kí n tó yà sí Ìkẹ́nnẹ́. Ẹ ṣí gbogbo wíńdò sílẹ̀. Ẹ ó gbọ́ òórùn gàrí tí wọ́n ń yan, ẹ ó gbọ́ dídún ẹ́ńjìnì yín nígbà tó bá ń gun òkè, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n tó bá yí ohùn padà. Ní Àgọ́-Ìwòyè, àwọn ọmọ yunifásítì á fẹ́ ya fọ́tò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yà á, kí wọ́n má ṣáà jókòó lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣírò epo yín kí ẹ tó gbéra: lítà 1 lè má gbé 504 ju kìlómítà 9 tàbí 10 lọ, owó epo sì ti fò sókè láti oṣù karùn-ún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́.

Ọjọ́ kẹta Iléyá, ọjọ́ Òjúde Ọba, ẹ tètè gbé mọ́tò yín dé ibi tí ẹ máa páàkì sí, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn yòókù. Nínú gosiló, oòrùn àti ooru ẹ́ńjìnì á sọ epo inú páìpù di afẹ́fẹ́, mọ́tò á kú láìsọ tẹ́lẹ̀. Tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ fi àkísà tútù wé póńpù epo àti páìpù rẹ̀, ẹ ní sùúrù fún bí 20 ìṣẹ́jú. Ẹ má ro omi sí ẹ́ńjìnì, ẹ sì má jẹ́ kí omi kan dísítíríbútọ̀ tó ń pín iná fún plọ́ọ̀gì.

Àpò tó wà nínú búùtù mi kò pọ̀: bẹ́líìtì kan, plọ́ọ̀gì, sípánà plọ́ọ̀gì, contact point àti condenser (pààtì kéékèèké inú dísítíríbútọ̀), wáyà, tọ́ọ̀ṣì, gálọ́ọ̀nù omi, síkọ́ṣọ̀n. Fáìlì tí mo fi ń gé èékánná wà nínú báàgì ọwọ́ mi, òun ni mo fi ń ha contact point tó bá jó. Àwọn ọkùnrin máa ń rẹ́rìn-ín títí mọ́tò á fi sítáàtì. Ní ti táyà, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ní ìlà tí wọ́n kọ DOT sí lára rẹ̀ ni kí ẹ kà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Mọ́tò tí kì í rìn jìnnà kì í jẹ táyà tán, rọ́bà ló ń gbó. Nítorí náà, ẹ má wo eyín táyà nìkan.

Ẹ wá mẹkáníìkì àgbà tó mọ káábúrétọ̀. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí mọ kọ̀ǹpútà mọ́tò, èyí sì dára fún mọ́tò tòkunbọ̀, ṣùgbọ́n 504 ò ní brain box tí wọ́n máa kà. Ẹ sanwó rẹ̀ dáadáa, ẹ jókòó tì í nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ béèrè gbogbo nǹkan. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ yọ ẹ́ńjìnì mọ́tò yín kí òun fi ti Toyota sí i, ẹ kí i pé ó ṣeun, ẹ máa wa mọ́tò yín lọ.

Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì dúró jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó pa á. Tó bá di ọjọ́ kejì, ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ wo ohun tó jò. Ọ́ìlì dúdú díẹ̀ kò tíì di ìjà. Tó bá jẹ́ àwọ̀ kúláǹtì ló ní, ẹ wá ibi tó ti ń jáde. Tó bá jẹ́ nítòsí táyà ló ti jò, tó ń yọ̀ lọ́wọ́, omi bíréèkì nìyẹn: ẹ má gbé e kúrò níbẹ̀ rárá, ẹ ránṣẹ́ sí mẹkáníìkì kó wá bá yín nílé.