Ìpadàsí yunifásítì nígbà Kòrónà: yàrá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ múra fún

Nígbà tí àwọn yunifásítì Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣílẹ̀kùn padà lọ́jọ́ 18 oṣù Kìíní 2021, lẹ́yìn tí Kòrónà àti ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti tì wọ́n pa láti oṣù Kẹta 2020, ohun tí ojú kọ́kọ́ ń rí ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń nà sí iwájú orí èèyàn lẹ́nu géètì. Ẹ̀rọ yẹn ò burú, àmọ́ ẹ má gbọ́kàn lé e. Ara gbígbóná nìkan ló ń wò. Ẹni tó ti kó àrùn náà lè ti máa tàn án kálẹ̀ ní ọjọ́ kan tàbí méjì kí ara rẹ̀ tó gbóná, ara àwọn mìíràn ò sì ní gbóná rárá. Ibi tí iṣẹ́ wà ni yàrá tí èèyàn mẹ́fà ń sùn sí, tí wọ́n jọ ń mí afẹ́fẹ́ kan náà láti alẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Kẹ́ ẹ tó di ẹrù

Ọjọ́ 14 ṣáájú ìrìnàjò, ẹ dín òde kù. Ọjọ́ karùn-ún tàbí ìkẹfà lẹ́yìn téèyàn bá kó o ni àmì sábà máa ń yọ, àmọ́ ó lè fà dé ọjọ́ kẹrìnlá. Òde àríyá Sátidé tó gbẹ̀yìn, èyí tẹ́ ẹ fẹ́ fi dágbére fún ará ilé, gan-an ni kẹ́ ẹ yẹra fún. Ẹni tó bá kó o níbẹ̀, inú ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò ti hàn, láàárín àwọn márùn-ún tí ò mọ nǹkan kan nípa àríyá náà.

Ẹ pe àwọn tẹ́ ẹ jọ máa gbé yàrá. Kẹ́ ẹ fẹnu kò lórí ẹni tí yóò máa ṣí fèrèsé, bóyá ẹ máa gba squatter, ìyẹn ẹni tí wọn ò fún ní bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá náà tó kàn ń bá yín sùn níbẹ̀, àti pé ẹni tí ara rẹ̀ ò bá yá yóò sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, àwọn yòókù ò sì ní sá fún un bí adẹ́tẹ̀. Ọ̀rọ̀ squatter ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Yàrá ẹlẹ́ni mẹ́rin tó di ti ẹni méje ti ba gbogbo ètò yòókù jẹ́, nítorí náà ẹ yanjú rẹ̀ lórí fóònù kí ẹnikẹ́ni tó gbé mátírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ dé.

Ìbòmú aláṣọ márùn-ún ló tó ẹnì kan: méjì lóòjọ́, torí èémí àti òógùn á ti mú ti àárọ̀ tutù tó bá fi máa di ọ̀sán, méjì lórí okùn ìsáṣọ, ọ̀kan ní ìpamọ́. Kó jẹ́ onípele mẹ́ta: òwú tó ń fa omi lápá ẹnu, aṣọ tí wọ́n fi ń ṣe báàgì ìrajà tí kì í ṣe híhun láàárín, políẹ́sítà níta. Ankara onípele kan tí télọ̀ rán láti bá aṣọ mu, oge lásán ni. Ẹ gbé e sójú gílóòbù tó ń tàn: bẹ́ ẹ bá rí gílóòbù náà kedere, ó ti fẹ́lẹ́ jù. Bí awò ojú yín bá sì ń ṣú nígbà tẹ́ ẹ bá wọ̀ ọ́, afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ imú jáde nìyẹn. Kí télọ̀ fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ sí etí rẹ̀ lókè, kẹ́ ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ imú.

Oògùn apakòkòrò ọwọ́ tẹ́ ẹ máa rà gbọ́dọ̀ ní ọtí líle tó 60% ó kéré tán. Ògógóró kì í sábà tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó dára pàápàá ò wúlò fún ọwọ́ tó lọ́ràá tàbí tó dọ̀tí. Ọwọ́ tẹ́ ẹ fi jẹ ẹ̀bà, ọṣẹ àti omi ló ń fẹ́.

Lọ́jọ́ ìrìnàjò, ẹ wọ ọkọ̀ àárọ̀, kẹ́ ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kẹ́ ẹ sì ṣí i. Ọkọ̀ tó ti fèrèsé pa nítorí ẹ̀rọ amúlétutù burú ju èyí tí atẹ́gùn ń fẹ́ gba inú rẹ̀ lọ.

Omi ìfọwọ́ níbi tí ẹ̀rọ omi kì í ti í yọ

Wọ́n ní ká fọwọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 20, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ilé ìgbé, inú garawa ni omi wà, gbogbo yàrá ló sì ń ki kọ́ọ̀bù kan náà bọ̀ ọ́. Ẹ fi kẹ́ẹ̀gì lítà 5 tó lọ́wọ́ ṣe ẹ̀rọ ìfọwọ́ tí ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn.

Ẹ fi iná mú ìṣó gbóná, kẹ́ ẹ fi lu ihò kan ṣoṣo sí iwájú kẹ́ẹ̀gì náà, ní òdìkejì ọwọ́ rẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà 12 láti ìsàlẹ̀. Ẹ ki igi tó le gba inú ọwọ́ kẹ́ẹ̀gì, kẹ́ ẹ sì so igi náà mọ́ irin báákónì. Ẹ so okùn mọ́ ọrùn kẹ́ẹ̀gì, kó balẹ̀ dé ara igi ìgbálẹ̀ kan tí orí rẹ̀ kan wà nílẹ̀, tí èkejì fi bíi sẹ̀ǹtímítà 15 ga sókè. Bẹ́ ẹ bá fẹsẹ̀ tẹ igi yìí, ọrùn kẹ́ẹ̀gì á tẹ̀ síwájú, omi á sì tú tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ lu ọṣẹ láàárín, kẹ́ ẹ fi okùn gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ohun méjì ló sábà máa ń bà á jẹ́. Bí omi bá kọjá ojú ihò, yóò máa jò ní gbogbo ìgbà. Ẹ rọ ọ́ mọ nísàlẹ̀ ihò díẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sì dé ọmọrí pa, afẹ́fẹ́ ò ní rọ́nà wọlé, omi á kàn máa kán tó, tó. Ẹ jẹ́ kó dẹ̀ díẹ̀. Ẹ gbé garawa sábẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ fi omi tó bá wà níbẹ̀ da ilé ìyàgbẹ́ lójoojúmọ́, kí ẹ̀fọn má baà fi ibẹ̀ ṣelé.

Fún kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn, súìsì àti ẹ̀rọ omi, bílíìsì bíi Jik tàbí Hypo tí wọ́n kọ 3.5% sí lára ti tó. Ṣíbí ìjẹun ńlá méjì, ìyẹn bíi mìlílítà 30, sí lítà omi kan. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ nu ìdọ̀tí kúrò, ẹ fi omi Jik náà nù ún, kẹ́ ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ po tuntun lójoojúmọ́, torí agbára rẹ̀ máa ń lọ. Ẹ má pò ó mọ́ oògùn ìfọ-ilé-ìyàgbẹ́ tó jẹ́ ásíìdì láéláé. Gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Afẹ́fẹ́ yàrá

Fáànù tó ń yí láàárín yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì kàn ń pín èémí ẹnì kan fún gbogbo yín ni. Ẹ gbé e sójú fèrèsé, kẹ́ ẹ kọ ojú rẹ̀ síta, kó máa ti afẹ́fẹ́ inú jáde, kẹ́ ẹ sì ṣí fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn òdìkejì kí tuntun lè wọlé. Bí kò bá sí iná, fèrèsé méjèèjì náà ni kẹ́ ẹ ṣí. Ẹ sun kọ́ìlì ẹ̀fọn láàárín yàrá, kẹ́ ẹ wo èéfín rẹ̀: bó bá ń rá bàbà lókè bọ́ńkì, afẹ́fẹ́ ò rìn níbẹ̀, bó bá tẹ̀ sápá kan tó sì jáde, ó ń rìn. Ọyẹ́ oṣù Kìíní á fẹ́ kẹ́ ẹ ti fèrèsé pa. Kúbùsù ni kẹ́ ẹ fi kojú òtútù. Ẹ ta àwọ̀n ẹ̀fọn sórí bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, nítorí fèrèsé tó ṣí ń pe ẹ̀fọn.

Ẹ má jẹ́ kí orí ẹni méjì pàdé. Bí orí ẹnì kan bá wà lápá fèrèsé, kí ti ẹni bẹ́ẹ̀dì kejì wà lápá ilẹ̀kùn.

Bí ara ẹnì kan bá gbóná

Ibà ni gbogbo èèyàn á kọ́kọ́ pè é, ó sì lè jẹ́ ibà lóòótọ́. Ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún ibà, kẹ́ ẹ tó lo oògùn. Bí ó bá ń wúkọ́, tí kò gbóòórùn mọ́, tí ọbẹ̀ ò sì dùn lẹ́nu rẹ̀, ẹ fura sí Kòrónà bí àyẹ̀wò bá tiẹ̀ rí ibà, torí méjèèjì lè jọ wà lára ẹnì kan. Klorokúìnì kì í ṣe oògùn Kòrónà. Ní oṣù Kẹta 2020, àwọn tó dá lò ó nílùú Èkó dèrò ilé ìwòsàn.

Ẹni náà gbọ́dọ̀ kúrò ní yàrá àjùmọ̀gbé. Nọ́ńbà ọ̀fẹ́ ti NCDC, àjọ tó ń dènà àrùn ní Nàìjíríà, ni 6232. Ẹ pè é, kẹ́ ẹ sì sọ fún ibùdó ìlera yunifásítì kẹ́ ẹ tó mú un lọ. Ìlànà tó wà ní 2021 ni pé kó dá wà fún ọjọ́ 10 láti ìgbà tí àmì ti bẹ̀rẹ̀, kó sì tún lo ọjọ́ 3 sí i láìsí ara gbígbóná tàbí ìnira mímí.

Bí yàrá bá lè dáwó jọ, ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń há mọ́ orí ìka láti mọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Láti 95 lọ sókè dára. Bó bá wálẹ̀ sí 93, ilé ìwòsàn. Bó bá bọ́ sísàlẹ̀ 90, kíákíá. Ìka tútù àti ọ̀dà èékánná máa ń ṣì í lọ́nà, ó sì lè fi iye tó ga ju òótọ́ lọ hàn lára aláwọ̀ dúdú. Nítorí náà, ẹni tí kò lè sọ gbólóhùn kan parí kó tó mí, ẹ gbé e lọ, ohun yòówù kí ẹ̀rọ sọ.

Ẹ má kó gbogbo ilé wá. Ní oṣù Keje 2021, Yunifásítì Èkó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kúrò ní ilé ìgbé, ọ̀sán ọjọ́ kejì sì ni gbèdéke. Àpótí kan àti báàgì ẹ̀yìn kan tẹ́ ẹ lè dá gbé ló tó. Ẹ tọ́jú owó ọkọ̀ ìpadàbọ̀ ní owó bébà, kẹ́ ẹ má sì fọwọ́ kàn án, torí lọ́jọ́ tí gbogbo ilé ìgbé bá jọ ń lọ, ìlà ATM á ti gùn dé títì.