Gíláàsì mi tó ń ṣá

Odidi ọ̀sẹ̀ 2 ni mo fi ń bú àwọn oníná Ifẹ̀ láìnídìí. Sensọ̀ tí mò ń ṣe máa ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn ṣúgà: a ó tan iná sójú gíláàsì tí a kùn, kọ́rẹ́ǹtì á jáde, iye rẹ̀ ló máa sọ iye ṣúgà. Tèmi, kọ́rẹ́ǹtì á kọ́kọ́ ga, á wá máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo lo jẹnẹrétọ̀, mo pààrọ̀ wáyà. Pàbó.

Àfìgbà tí mo gbé gíláàsì náà lọ síbi fèrèsé. Ojú ibi tí iná ń bà ti ṣá. Etí rẹ̀ ṣì rí rúsúrúsú bíi gààrí elépo. Cadmium sulfide ni mo fi kùn ún. Ìmọ́lẹ̀ tó ń mú kọ́rẹ́ǹtì wá gan-an ló ń jẹ ẹ́: ihò tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù fi sílẹ̀ ń ba sulfide jẹ́, cadmium á sì yọ́ sínú omi.

Mo fi ascorbic acid (fítámì C) sómi, kí ihò náà rí nǹkan mìíràn jẹ. Ó ṣiṣẹ́. Àmọ́ ascorbic acid wà nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn náà, á sì da iye ṣúgà rú! Mo fìbínú lọ jẹyán ní Lágere.

Nígbà tí mo dé, mo kun titanium dioxide dípò cadmium sulfide sórí gíláàsì FTO, irú gíláàsì tó ń gbé iná, mo sì sun ún ní 450°C fún ìṣẹ́jú 30. (ITO, gíláàsì mìíràn tó ń gbé iná, kì í fara da irú ooru yẹn dáadáa.) Wàhálà rẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ lásán kì í ràn án, nítorí bandgap rẹ̀, ìyẹn agbára tí ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ ní kó tó lè ta ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù nípò, tó 3.2 eV. LED 365 nm (ìmọ́lẹ̀ ultraviolet) ni mo fi tàn án, ìṣẹ́jú-àáyá 10 ní títàn, 10 ní pípa, kó má baà pa ẹ́ńsáìmù tó ń dá ṣúgà mọ̀. Mo tàn án nígbà 40 lánàá. Kọ́rẹ́ǹtì kò wálẹ̀ mọ́.