Bí owó àjọ ṣe dá ilé tí mo fẹ́ rà ní Chatham dúró

Ọ̀sẹ̀ méje gbáko ni owó àjọ fi dá mi dúró. Ilé bàbá mi n'Íbàdàn tún gba £4,250 lé e, mi ò sì tíì gba kọ́kọ́rọ́ ilé kankan. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Wíwá ilé, wíwò ó, dídúnàá-dúrà, ẹ mọ gbogbo ìyẹn. Chatham ni mo lọ, ní Kent, torí ọkọ̀ ojú irin tó yára ń dé St Pancras ní London láàárín nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, owó tí mo ní kò sì lè ra ju fúláàtì oníyàrá kan lọ ní Peckham, ní London níbẹ̀. A fẹnu kò sí £285,000 fún ilé oníyàrá mẹ́ta, lára àwọn ilé àtijọ́ tó fara ti ara wọn lórí òkè. Ẹni tó yẹ ilé wò rí ọ̀rinrin lára ògiri ẹ̀yìn. Gọ́tà tó jò ló fà á, kì í ṣe ìpìlẹ̀. Kò burú.

Àsansílẹ̀ jẹ́ £28,500: £15,000 tí mo tọ́jú nínú owó oṣù, £4,000 tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ta mí lọ́rẹ, àti £9,500 owó àjọ. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Àwa 20 la jọ ń dá àjọ náà, £500 lóṣooṣù, èmi ni nọ́ńbà 13. Òfin tó ń dènà owó èrú ló ní kí lọ́yà mọ ibi tí gbogbo kọ́bọ̀ ti wá. Ó ṣí àkáǹtì mi, ó rí i tí èèyàn 19 san £500 wọlé láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Níbi tí wọ́n ti ń kọ ohun tí owó wà fún, ẹnìkan kọ "aso ebi", òmíràn kọ "rice". Ẹ sọ fún mi, ta ló rán yín?

Mo ṣàlàyé àjọ fún lọ́yà. Ó ní èèyàn 20, £500, ó yẹ kó jẹ́ £10,000, £500 tó kù dà? Mo ní tèmi ni, mi ò lè san án fún ara mi. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi bára wa fa èyí nìkan.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ló dùn mí jù, torí òótọ́ ni. Kí n tó kó àjọ, ẹ̀ẹ̀mejìlá péré ni mo ti dá a, ìyẹn £6,000. £3,500 tó kù, oṣù méje ni mo ṣì máa fi san án. Lójú báńkì tó fẹ́ yá mi lówó, gbèsè ni. Wọn kì í fẹ́ kéèyàn fi gbèsè san àsansílẹ̀, wọ́n sì máa yọ £500 oṣooṣù yẹn nígbà tí wọ́n bá ń wo iye tí mo lè san padà.

Ohun tó tú u ni pé mo kó £3,500 náà fún olórí àjọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọ ìwé tó ní orúkọ gbogbo wa àti nọ́ńbà kálukú, ó sì fi kún un pé mi ò jẹ àjọ ní kọ́bọ̀ mọ́. Mo tẹ àkáǹtì oṣù 13 jáde, mo fi bírò pupa yí owó méjìlá tó jáde ká. Ẹ̀gbọ́n mi fi £3,500 kún ẹ̀bùn rẹ̀, ó kọ ọ́ pé òun ò ní gbà á padà, òun ò sì ní ìpín nínú ilé. Ìwé mi mọ́ débi pé lọ́yà ní òun máa tọ́jú ẹ̀dà kan fún ẹlòmíì tó bá tún gbé àjọ wá.

Owó-orí ilé rírà ńkọ́? Ẹni tó ń ra ilé àkọ́kọ́ kì í san nǹkan kan bí ilé kò bá ju £300,000 lọ. Ṣùgbọ́n ilé àkọ́kọ́ níbikíbi láyé ni wọ́n ń wí, ilé téèyàn jogún pàápàá wà nínú rẹ̀, orúkọ àwa ọmọ mẹ́rin ló sì wà lórí ìwé ilé Ìbàdàn. Nítorí náà, £125,000 àkọ́kọ́ lọ lọ́fẹ̀ẹ́, ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lórí £125,000 tó tẹ̀ lé e, ìdá 5 lórí £35,000 tó kù: £4,250. Ká ní mo parí rẹ̀ kí April 1, 2025 tó dé, £1,750 ni ì bá jẹ́. Bí ìpín mi n'Íbàdàn bá tó £40,000 ni, wọn ì bá tún lè bu £14,250 lé e, torí wọ́n á ka ilé Chatham sí ilé kejì. Ẹ ní kí ẹni tó ń díye lé ilé kọ ìwé iye ìpín yín nínú ilé ogún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró kí lọ́yà bèèrè.

Àjọ tuntun ti bẹ̀rẹ̀ báyìí. Nọ́ńbà 20 ni mo mú, mo sì ti sọ fún gbogbo wọn pé "ajo" ni kí wọ́n máa kọ síbẹ̀. Ẹnìkan ti kọ "rice" ná.