Kí Ẹ Tó Bọ́ Bàtà: Bí Mo Ṣe Ń Yan Etí Òkun ní Ìhà Nice

Aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Ouando, ní Àjàṣẹ́ níbí. Ọmọ mi obìnrin ń gbé ní Nice, nílẹ̀ Faransé, mo sì ti lọ kí i lẹ́ẹ̀mẹrin nígbà ooru wọn. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ lọ́hùn-ún máa ń yà lọ́dọ̀ mi kó tó di ẹrù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ nítòsí ìsọ̀ mi bi mí pé, "Ìyá aláṣọ, etí òkun wo ni kí n ní kí wọ́n mú mi lọ?" Ìdáhùn mi gùn ju bó ṣe rò lọ. Òun náà ni mo kọ síbí.

Ọjọ́ kìíní tí mo dé etí òkun Nice, nísàlẹ̀ òpópónà ńlá tí wọ́n ń pè ní Promenade des Anglais, mo bọ́ bàtà mi sọ́wọ́ bí mo ṣe máa ń ṣe ní Sèmè. Omi náà ń dán bí àdìrẹ tuntun. Mo gbé ẹsẹ̀ kìíní, mo gbé ìkejì, ní ìkẹta mo figbe ta. Kò sí iyanrìn níbẹ̀ rárá. Òkúta ni gbogbo ilẹ̀, òkúta róbótó bí ẹyin ẹyẹlé, òmíràn tó ìkúùkù, oòrùn sì ti yan wọ́n gbóná. Ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, ló dì mí lọ́wọ́ mú tó ń fà mí lọ bí ẹni ń fa afọ́jú. Nígbà tá a wọ omi tán, mi ò rìn tó ìṣísẹ̀ márùn-ún tí omi fi kúrò lórúnkún tó dé àyà mi.

Ọmọ mi ti fi fọ́tò ibẹ̀ ránṣẹ́ kí n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú o. Omi wà nínú rẹ̀, ojú ọ̀run wà nínú rẹ̀, agbòòrùn aláràbarà wà nínú rẹ̀. Fọ́tò náà ò purọ́. Èmi aláṣọ ni mo jẹ́ kí ojú iwájú tàn mí. Aṣọ wax gidi, tẹ́ ẹ bá yí i padà, àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tiwájú. Èyí tí wọ́n kàn tẹ̀ lójú kan, ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣá. Etí òkun náà ní ẹ̀yìn, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò.

Ilẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ẹ ṣí máàpù Google lórí fóònù, kẹ́ ẹ yí i sí èyí tí wọ́n yà látòkè. Bí etí omi bá funfun tàbí tó pọ́n rúsúrúsú bíi gàrí elépo, iyanrìn ni. Bó bá ní àwọ̀ eérú, òkúta ni. Kẹ́ ẹ wá wo omi fúnra rẹ̀: ibi tí omi ti mọ́ bí ewé tuntun, tó sì lọ jìnnà kó tó ṣókùnkùn, kò jìn níbẹ̀. Ibi tó jẹ́ pé bí ilẹ̀ ṣe parí ni omi ti dúdú, ọmọdé ò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ láìsí àgbàlagbà tó dì í mú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sídìí àwọn fọ́tò tí àwọn tó ti débẹ̀ yà, kẹ́ ẹ má wo ojú wọn, ẹsẹ̀ wọn ni kẹ́ ẹ wò. Tẹ́ ẹ bá rí àgbàlagbà tó wọ bàtà rọ́bà wọ omi, òkúta wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ọmọdé tó jókòó tó ń wa ilẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí, ọkàn yín balẹ̀.

Ní ìhà ọ̀dọ̀ ọmọ mi, ohun tí mo rí ni pé láti Nice lọ sí ẹnubodè Ítálì, òkúta ló pọ̀ jù: Èze, ọ̀pọ̀ etí òkun Menton. Tẹ́ ẹ bá kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, òkúta náà ni títí tẹ́ ẹ fi dé Antibes. Láti Antibes lọ sí Juan-les-Pins àti Cannes ni iyanrìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Ọkọ̀ ojú irin ló gbé wa dé gbogbo ibẹ̀, ẹ ò nílò mọ́tò. Ní Villefranche, tẹ́ ẹ bá bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀, etí òkun Marinières wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ yín gan-an, iyanrìn rẹ̀ ò kúnná púpọ̀ àmọ́ kò gún èèyàn. Ní Antibes, Gravette ni ààyò mi. Ó wà lẹ́yìn odi àtijọ́ ìlú náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí, omi ibẹ̀ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ mira. Salis wà ní ìta díẹ̀, ó gùn jù ú lọ, ìgbì kéékèèké sì máa ń dé ibẹ̀.

Kí n má ba òkúta lórúkọ jẹ́ o. Kì í lẹ̀ mọ́ ara, omi orí rẹ̀ máa ń mọ́ gaara, ẹ ò sì ní jẹ àkàrà tó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lẹ́nu. Àgbàlagbà tó ń lọ láìsí ọmọdé, kó ra bàtà rọ́bà kó máa gbádùn ẹ̀.

Ohun kejì ni pé kẹ́ ẹ gbàgbé ìbẹ̀rù tiwa, kẹ́ ẹ sì kọ́ tiwọn. Gbogbo wa la mọ òkun wa. Láti Sèmè dé Grand-Popo, ìgbì ń fọ́ létí ilẹ̀ bí ẹni ń lu ògiri, omi tó ń padà sì ń wọ́ èèyàn lọ. Ìdí nìyẹn tá a fi ń jókòó ní etí òkun Fidjrossè ní Kútọnu tá à ń jẹ ẹja, tá a sì ń wò ó lókèèrè. Mẹditaréníà ò rí bẹ́ẹ̀. Òkun tí ilẹ̀ yí ká ni. Ní Gibraltar, níbi tó ti pàdé òkun Àtìláńtíìkì, ẹnu ọ̀nà náà ò ju nǹkan bíi kìlómítà 14 lọ níbi tó ti fún jù. Nítorí náà omi rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kún, kì í fi bẹ́ẹ̀ fà. Lọ́jọ́ kan ní Antibes, ọmọ mi tẹ́ ẹní síbi tí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Mo ní kó gbé e sókè, omi máa tó dé. Ó ní, "Màmá, kò ní dé." Mo gbé tèmi sẹ́yìn, mo ń ṣọ́ omi. Aago márùn-ún lù, omi ṣì wà níbi tó wà láàárọ̀. Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀ ju ti òkun ńlá lọ, nǹkan bíi gíráàmù 38 nínú lítà kan, níbi tí ti òkun ńlá wà ní 35. Ó ń gbé èèyàn léfòó, ó sì ń ta lójú.

Atẹ́gùn ni ìbẹ̀rù tiwọn. Lọ́dún kejì tí mo lọ, a lọ kí àbúrò mi ní Marseille, ó sì gbé wa lọ sí Cassis tí kò jìnnà síbẹ̀. Oòrùn mú, ojú ọ̀run mọ́ kedere, omi dúró létí ilẹ̀ bí omi inú àwo. Mo ní òní lọjọ́. Ọmọ-ọmọ mi fò wọ omi, ó tún fò jáde, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Mistral ló ń fẹ́, atẹ́gùn tó ń gba àfonífojì odò Rhône bọ̀ láti àríwá. Ó máa ń ti omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tó wà lókè lọ sójú agbami, omi tútù ìsàlẹ̀ á wá gòkè. Òkun tó wà ní dígírì 24 lè já sí 16 tàbí 17 láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ìyẹn tún kéré. Ọmọ náà ní rọ́bà tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí, tó rí bíi pẹ́pẹ́yẹ. Atẹ́gùn gbá a. Kò sáré o, ńṣe ló ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí obìnrin tó ń re ọjà, ọmọ sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Mo gbá ṣòkòtò rẹ̀ mú lẹ́yìn. Nígbà tá a fi máa gbójú sókè, pẹ́pẹ́yẹ ò ju hóró ẹ̀wà lọ lójú omi.

Níbi tiwa, atẹ́gùn ń ti òkun wá, ó ń gbé nǹkan padà sílẹ̀. Lọ́hùn-ún, èyí tó ń fẹ́ látẹ̀yìn yín bọ̀ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù, pàápàá nítorí pé òun ló ń mú kí etí omi dúró jẹ́ẹ́. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ di etí ìborùn yín mú sókè. Bó bá nà sí ìhà òkun, ẹ tú afẹ́fẹ́ inú rọ́bà náà dànù kẹ́ ẹ kó o sápò. Mistral kì í sábà le ní Nice. Ìhà Marseille ló ti le.

Àsíá ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Aláwọ̀ ewé: ẹ lè wọ̀ ọ́. Yẹ́lò: ẹ ṣọ́ra. Pupa: ẹ má wọ̀ ọ́. Èyí tó dà bí àwọ̀ àlùkò: omi náà ò mọ́. Níbi tẹ́ ẹ bá ti rí àsíá méjì tó pọ́n lápá òkè, tó yẹ́lò lápá ìsàlẹ̀, àárín wọn ni àwọn adóòlà ń ṣọ́, ibẹ̀ ni kí àwọn ọmọ wà. Àsíá búlúù tí wọ́n ń pè ní Pavillon Bleu, ìmọ́tótó ló ń sọ, kò sọ pé omi ò jìn. Kódà níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ wa, ojú mi kì í kúrò lára àwọn ọmọ. Wọ́n ní a kì í ka ọmọ f'ọ́lọ́mọ, àmọ́ létí omi yẹn, èmi ń kà wọ́n, mo ń kà wọ́n léraléra.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti owó. Físà Schengen nìkan ti di euro 90 láti oṣù kẹfà 2024, nǹkan bíi 59 000 fráǹkì, ẹ má wá lọ san owó jókòó sórí iyanrìn. Òfin Faransé tọdún 1986 ní etí òkun jẹ́ ti gbogbo èèyàn, ọ̀fẹ́ sì ni. Àwọn tó ń fi àga háyà gbọ́dọ̀ fi ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ níbi tí kì í bá ṣe etí òkun tí èèyàn ṣe. Àga ọjọ́ kan ní Nice, euro 20 sókè ni, ìyẹn ju 13 000 fráǹkì lọ. Mo ra agbòòrùn tèmi, ọdún kẹta rẹ̀ rèé. Ní Ítálì, àwọn alága yìí gba ibi tó pọ̀. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa wá lójú pátákó ni "spiaggia libera", ìyẹn etí òkun ọ̀fẹ́. Sípéènì sàn díẹ̀, òfin wọn tọdún 1988 ní gbogbo etí òkun jẹ́ ti ìlú. Ní Barcelona iyanrìn wà, àmọ́ olè náà wà, ẹ fi ìwé ìrìnnà sílé. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá wà ní Gíríìsì, kó ní kí wọ́n mú òun dé Elafonisi ní Crete. Omi ibẹ̀ ò ju orúnkún lọ ní ọ̀pọ̀ ibi.

Àwọn tí orúnkún wọn ṣì gbà á lè wá Calanques lẹ́bàá Marseille, àpáta funfun tí omi wọ àárín rẹ̀. Fún Sugiton, ọ̀kan nínú wọn, ẹ gbọ́dọ̀ gba àyè sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà ooru. Láti 2022, èèyàn 400 péré ni wọ́n ń gbà lójúmọ́, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì lè ti ọ̀nà igbó náà pa lọ́jọ́ tí iná bá lè ràn. Mi ò lọ. Àwọn ọmọ lọ, wọ́n ní ó dùn.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí tẹ́ ẹ ń bi mí nípa aṣọ: lọ́dún 2016 àwọn olórí ìlú kan létí òkun yẹn fòfin de aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tó bo gbogbo ara, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ gíga Conseil d'État dá ti Villeneuve-Loubet dúró ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún náà. Síbẹ̀, ẹ máa ka pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo wọ bùbá lórí ṣòkòtò, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè. Ẹ̀yin náà ẹ má bi àwọn tó bọ́ aṣọ àyà léèrè. Tẹ́ ẹ bá rí "naturiste" lórí máàpù, ìhòòhò ni wọ́n ń wà níbẹ̀, ẹ má mú ìyá ọkọ yín lọ.

Ohun kan wà nínú omi tí wọ́n ń pè ní méduse. Ó dà bí ẹ̀kọ tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú kúrò nínú ewé, àmọ́ ó ní okùn wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀, okùn yẹn ló ń jó èèyàn bíi wèrèpè. Ẹ fi omi òkun náà ṣàn án, ẹ má fi omi ẹ̀rọ, ẹ má sì fọwọ́ ra á. Ẹ fi etí káàdì líle họ ohun tó lẹ̀ mọ́ awọ. Oursin tó rí bí òòrẹ̀ kékeré wà lára àpáta, bàtà rọ́bà ni oògùn rẹ̀. Koríko gbígbẹ dúdú tí ẹ máa rí létí omi kì í ṣe ìdọ̀tí. Posidonia ni, òun ló ń di iyanrìn mú kí omi má kó o lọ.

Oṣù kẹsàn-án ni kẹ́ ẹ lọ tó bá ṣeé ṣe, àwọn ọmọ wọn ti padà síléèwé, omi ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ní oṣù karùn-ún ó wà ní nǹkan bíi dígírì 17 tàbí 18, àwa tí omi wa sábà máa ń wà ní 27, ojú wa á rí nǹkan. Tó bá jẹ́ oṣù keje, ẹ jáde láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Oòrùn ò ní wọ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án.

Mo kọ orúkọ mẹ́ta fún ìyá onílẹ̀kẹ̀ sẹ́yìn rìsíìtì kan: Gravette, Salis, Marinières. Ó kà á, ó ní, "Nice gan-an ńkọ́? Ọmọ mi ti sọ fún gbogbo èèyàn pé òun máa mú mi débẹ̀." Mo ní kó lọ, àmọ́ kó lọ nírọ̀lẹ́, kó má bọ́ bàtà, kó má sọ̀kalẹ̀ rárá. Àwọn àga búlúù wà lókè lórí òpópónà yẹn, wọ́n kọjú sí omi. Ẹnikẹ́ni ò gbowó wọn.