Bí A Ṣe Ń Ṣètò Google Alerts fún Ìròyìn Ilé-iṣẹ́ Láìjẹ́ Kí Pàǹtírí Kún Ímeèlì Wa

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣí Google Alerts, irinṣẹ́ Google tó ń fi ímeèlì ránṣẹ́ síni bí ìròyìn tuntun bá jáde lórí ọ̀rọ̀ tí a yàn, wọ́n á kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ máa tọ́pasẹ̀ rẹ̀ síbẹ̀, wọ́n á tẹ bọ́tìnì, ó parí. Kò ní pẹ́ tí ímeèlì tí kò nílàárí á fi kún àpótí wọn. Wọn ò ní máa ṣí i mọ́, ọjọ́ tí ìròyìn gidi bá sì dé, àárín pàǹtírí ni yóò kú sí. Mo ti rí i lọ́dọ̀ àwọn tó ń wáṣẹ́, mo ti rí i lọ́dọ̀ àwọn tó ra ìpín ìdókòwò, bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́dọ̀ àwọn tó ń tajà fún ilé-iṣẹ́ ńlá. Ibì kan náà ni gbogbo wọn ti ń ṣì í: ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sínú àpótí àwárí yẹn.

Nítorí náà, má tíì ṣí nǹkan kan. Mú bébà, kí o kọ ohun tí o fẹ́ mọ̀ sílẹ̀ ní ìbéèrè. "Gbogbo ohun tó bá jẹ mọ́ Shell", ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì nì, kì í ṣe ìbéèrè. Ṣé wọ́n ń pe Shell lẹ́jọ́? Ṣé wọ́n fẹ́ ra ilé-iṣẹ́ mìíràn? Ṣé ọ̀gá àgbà wọn fẹ́ fipò sílẹ̀? Ìbéèrè nìyẹn. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ni yóò ní ìtanilólobó (alert) tirẹ̀. Má kó gbogbo rẹ̀ sójú kan, torí bí èyí tó gùn gbọọrọ bá bà jẹ́, o ò ní mọ ibi tó ti bà jẹ́.

Lẹ́yìn náà, kọ gbogbo orúkọ tí wọ́n ń pe ilé-iṣẹ́ náà: èyí tó gùn, ìkékúrú rẹ̀, èyí tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, àti àmì rẹ̀ lọ́jà ìpín ìdókòwò. Royal Dutch Shell ni Shell ń jẹ́ títí di oṣù kìíní ọdún 2022. Ilé-iṣẹ́ Facebook di Meta ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, síbẹ̀ orúkọ àtijọ́ ṣì pọ̀ lẹ́nu àwọn oníròyìn. Ní ti àmì ọjà, AAPL tí í ṣe ti Apple wúlò, torí kò wọ́pọ̀ kí èèyàn kọ ọ́ fún nǹkan mìíràn. Ti Ford kò wúlò rárá, lẹ́tà F kan ṣoṣo ni. "Ford Motor" ni kí o kọ.

Orúkọ tó tún jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán ló ń da èèyàn láàmú jù. Bí o bá kọ Visa, ilé-iṣẹ́ káàdì owó, nìkan, ìròyìn ìwé ìrìnnà ni wọn yóò máa kó wá fún ọ. Bí o bá kọ Target, ilé ìtajà ńlá kan ní Amẹ́ríkà, gbogbo ẹni tó ní àfojúsùn láyé ni yóò wọlé. Àwọn kan rò pé àmì àyọlò (" ") yóò yanjú rẹ̀. Kò lè yanjú rẹ̀, torí Google kì í fi lẹ́tà ńlá àti kékeré ṣe ìyàtọ̀. Ohun tí o máa ṣe ni kí o fi ọ̀rọ̀ tó máa ń bá ilé-iṣẹ́ náà rìn kún un: Visa pẹ̀lú Mastercard, Shell pẹ̀lú oil tàbí LNG (gáàsì tí wọ́n sọ di olómi). "Shell plc" dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn kì í kọ plc, nítorí náà kọ méjèèjì. Bí tèmi ṣe máa ń rí nìyí:

("Shell plc" OR "oil giant Shell") (lawsuit OR sued OR court)

Lẹ́tà ńlá ni OR, tó túmọ̀ sí "tàbí", gbọ́dọ̀ jẹ́. Àmì ìyọkúrò (-), tó ń sọ fún Google pé kó má mú ọ̀rọ̀ kan wá, gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e, láìsí àlàfo. Kọ ọ́ lédè tí àwọn oníròyìn ibẹ̀ ń lò. Bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ Faransé bíi TotalEnergies, ṣe ọ̀kan lédè Gẹ̀ẹ́sì, kí o sì ṣe òmíràn lédè Faransé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra fún àmì ìyọkúrò yẹn. Ìpolówó iṣẹ́ máa ń sú èèyàn, ni wọ́n bá kọ -jobs. Láti ọjọ́ náà, ìròyìn pé ilé-iṣẹ́ ń dá òṣìṣẹ́ dúró kò ní dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́, torí "cut jobs" àti "jobs lost" ni wọ́n sábà fi ń kọ ọ́. Tó bá jẹ́ Apple ni, gbogbo ìròyìn tó dárúkọ Steve Jobs, ọ̀kan nínú àwọn tó dá a sílẹ̀, lọ pẹ̀lú rẹ̀. Gbólóhùn odindi ni kí o yọ, bíi -"apply now". Bí àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀rọ ń kọ nípa iye owó ìpín bá pọ̀ jù, -"price target" (iye tí àwọn onímọ̀ ọjà rò pé ìpín yóò dé) máa ń lé ọ̀pọ̀ wọn lọ.

Kí o tó tọ́jú rẹ̀, lẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́ ibi àwárí Google, kí o tẹ News, kí o ka àkọlé mẹ́wàá àkọ́kọ́. Bí ju mẹ́ta lọ kò bá kàn ọ́, padà sídìí bébà rẹ. Má fo ìgbésẹ̀ yìí.

Ìyókù kò le. Lọ sí google.com/alerts, lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, tẹ "Show options". Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni kí o yàn. "As-it-happens" (bó ṣe ń ṣẹlẹ̀) wà fún ohun tí o máa gbé ìgbésẹ̀ lé lórí lójú ẹsẹ̀ nìkan. Yan "News" ní "Sources", "Any Region" ní agbègbè. Fún ilé-iṣẹ́ kékeré, "All results". Fún ńlá, "Only the best results".

Adírẹ́sì kan náà ni gbogbo wọn ń gbà wá, nítorí náà ṣe fílítà kan ní Gmail tí yóò máa kó wọn sábẹ́ orúkọ tiwọn. Bí wọ́n bá ju mẹ́wàá lọ, yan "RSS feed", ọ̀nà tí ìròyìn tuntun ń gbà wọ inú áàpù ìkàwé, dípò ímeèlì, kí o máa kà wọ́n nínú áàpù bíi Feedly tàbí Inoreader. Ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fúnni tó èèyàn lò.

Má sì gbára lé Google nìkan. Lọ sí ojú ewé àwọn olùdókòwò lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ náà, kí o forúkọ ímeèlì rẹ sílẹ̀ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí ìpín rẹ̀ wà lọ́jà, òfin sọ pé kó fi fọ́ọ̀mù 8-K ránṣẹ́ sí àjọ SEC, tó ń mójú tó ọjà ìpín ìdókòwò níbẹ̀, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rin bí ohun pàtàkì bá ṣẹlẹ̀, bíi kí ọ̀gá àgbà fipò sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni kíkà á lórí EDGAR, ìkànnì tí SEC ń kó fọ́ọ̀mù wọ̀nyí sí, RSS sì wà níbẹ̀.

Bí ìtanilólobó kan bá dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, fi ọwọ́ ara rẹ wá ìròyìn náà. Bí o bá rí i, ọ̀rọ̀ àwárí rẹ ti há jù: yọ ọ̀kan kúrò, kí o tún un dán wò. Bí ilé-iṣẹ́ bá sì yí orúkọ padà, ṣe tuntun, ṣùgbọ́n jẹ́ kí ti àtijọ́ wà níbẹ̀ fún ọdún kan gbáko.