Bí mo ṣe gba NDIS fún ọmọ mi lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́kọ́ kọ̀ ọ́

Ọwọ́ òsì ni ọmọ mi fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Kì í ṣe àìlẹ́kọ̀ọ́. Oṣù rẹ̀ kò tíì pé tí mo fi bí i ní Melbourne, ọpọlọ rẹ̀ sì fara pa, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kì í ṣí dáadáa, ẹsẹ̀ ọ̀tún náà sì le. Cerebral palsy ni àwọn dókítà ń pè é. Ó ti pé ọmọ ọdún 11 kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìwé NDIS rẹ̀, ètò ìjọba Ọsirélíà tó ń sanwó ìrànlọ́wọ́ fún àwọn aláàbọ̀ ara. Ẹ lè béèrè pé kí ni mo ń dúró dè látọjọ́ yìí. Ojú ló ń tì mí.

Ó ń rìn, ẹ jọ̀ọ́. Ohun tí èmi àti bàbá rẹ̀ fi ń tu ara wa nínú nìyẹn. Ó ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀, ìṣirò kì í sì í ṣòro fún un. A ní àwọn tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ ló ni NDIS, a ò sì fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ wa sínú ìwé ìjọba pé aláàbọ̀ ara ni. Lọ́jọ́ kan ó yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn nílé ẹ̀kọ́. Nígbà tí físíò, ẹni tó ń tọ́jú iṣan àti ìrìn rẹ̀, yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ike tó ń wọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ láti gbé e ró ti kéré jù, a gbọ́dọ̀ ṣe òmíràn, bó sì ṣe ń ga yìí, kò ní pẹ́ tí a ó tún fi pààrọ̀ ìyẹn náà. Mo ṣírò owó rẹ̀ nínú mọ́tò nígbà tí a ń lọ sílé. Ìtìjú yìí ti fẹ́ sọ wá di onígbèsè.

Òfin ọdún 2013 ló dá NDIS sílẹ̀ ní Ọsirélíà, iléeṣẹ́ NDIA ló sì ń bójú tó o. Kì í wo iye tí òbí ń gbà lóṣù. Kì í sì í ṣe owó tí wọ́n ń kó léni lọ́wọ́ láti fi san owó ilé tàbí láti fi ra oúnjẹ. Iṣẹ́ tí wọ́n bá dárúkọ mọ́ owó náà nìkan ni a lè fi ṣe. Ìlẹ̀kùn àkọ́kọ́ kò le: kí ẹni náà máa gbé Ọsirélíà, kó má tíì pé ọdún 65 lọ́jọ́ tó fi orúkọ sílẹ̀, kó sì jẹ́ ọmọ ìlú tàbí ẹni tó ní ìwé ìgbélùú títí láé. Àwọn ará New Zealand kan náà lè wọlé pẹ̀lú irú físà tiwọn. Ẹni tó bá wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ kò lè wọlé. Mo mọ ìdílé méjì tó wà nírú ipò yẹn, n kì í sì í fẹ́ sọ̀rọ̀ NDIS níwájú wọn.

Ìlẹ̀kùn kejì ló há mọ́ mi. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àìlera náà jẹ́ ti títí ayé, àti bóyá ó dín agbára ẹni kù gidi nínú nǹkan mẹ́fà: rírìn àti lílo ara, sísọ̀rọ̀ kó yéni, bíbá ènìyàn ṣe, kíkọ́ nǹkan, títọ́jú ara ẹni, àti ṣíṣètò ọ̀rọ̀ ara ẹni. Kò sí ẹni tó ń jiyàn pé cerebral palsy kì í lọ. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà ní ìwọ̀n kan fún bí ọmọ ṣe ń rìn àti bó ṣe ń lo ara, GMFCS, tó lọ láti 1 dé 5; 5 ló le jù. Ọmọ tó bá wà ní 3, 4 tàbí 5, orúkọ àìsàn nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti ṣílẹ̀kùn fún un. Ọmọ mi wà ní 2. Ẹni tó bá wà ní 2, àfi kó ṣàlàyé ara rẹ̀.

Mo gba fọ́ọ̀mù. Apá kan wà tí òbí máa kọ, apá kan sì wà fún dókítà. Mo so lẹ́tà àtijọ́ láti ilé ìwòsàn mọ́ ọn, mo so lẹ́tà dókítà wa mọ́ ọn, mo wá fi ìwé èsì ilé ẹ̀kọ́ lé e lórí, nítorí ó dùn mọ́ mi. Olùkọ́ rẹ̀ kọ ọ́ pé ó ń gbìyànjú gan-an, pé kì í ráhùn, pé ó ń bá ẹgbẹ́ mu. Níbi tí wọ́n ti béèrè irú ìrànlọ́wọ́ tó ń gbà nílé, mo kọ ọ́ pé a máa ń ràn án lọ́wọ́ nígbà mìíràn. Ọdún 11 nìyẹn, nínú gbólóhùn kan.

Ọjọ́ 21 ni òfin fún wọn láti fèsì. Kò tó bẹ́ẹ̀ tí lẹ́tà fi dé: wọn ò gbà á. Wọ́n gbà pé àìlera náà jẹ́ ti títí ayé, ṣùgbọ́n ohun tí a fi ránṣẹ́ kò fi hàn pé ó ń dí i lọ́wọ́ tó bí òfin ṣe fẹ́. Bàbá rẹ̀ bínú, ó ní ká fi wọ́n sílẹ̀. Èmi mú ẹ̀dà ìwé tí a fi ránṣẹ́, mo kà á bí ẹni tí kò rí ọmọ yẹn rí. Ká ní èmi ni mo jókòó sídìí tábìlì wọn, èmi náà á kọ̀ ọ́.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Wọ́n tọ́ mi dàgbà lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni bá béèrè àlàáfíà ọmọ, a dúpẹ́ ni ìdáhùn. Fọ́ọ̀mù yẹn kò mọ a dúpẹ́.

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ń fúnni láti ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Tí wọ́n bá tún kọ̀ ọ́, èèyàn lè lọ sí Administrative Review Tribunal, ìgbìmọ̀ tó ń tún ìpinnu ìjọba gbé yẹ̀ wò, èyí tó rọ́pò AAT àtijọ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ṣùgbọ́n ọjọ́ 28 péré ni àyè tó wà láti dé ibẹ̀. Mo ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Obìnrin kan wà tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn akanda ẹ̀dá ló ń tọ́jú níbi iṣẹ́. Òun ló là mí lójú. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má kọ ohun tó lè ṣe mọ́. Ohun tí ẹ̀ ń bá a ṣe ni kí ẹ kọ, àti iye ìṣẹ́jú tó ń gbà yín. Ọjọ́ tó burú ni kí ẹ kọ, ẹ fi ọjọ́ tó dára sílẹ̀."

Mo ra ìwé kékeré kan, mo fi kọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì: ìṣẹ́jú 14, ó sì sunkún ní ẹ̀kẹta. Ìbọ̀sẹ̀ àti ike ẹsẹ̀: èmi ni mò ń wọ̀ ọ́ fún un. Ọṣẹ ìfọyín: eyín ló fi ń ṣí i. Ilé ìwẹ̀: mo ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kó má baà yọ̀ ṣubú, ó sì ti dàgbà ju kí ìyá rẹ̀ máa dúró síbẹ̀ lọ. Ẹran inú àwo: èmi ni mo ń gé e. Òru: ẹsẹ̀ fà á lẹ́ẹ̀mẹta nínú ọ̀sẹ̀ méjì, a jí, a fi òróró wọ́ ọ. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni mo kọ ọ́ sí pé àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 8, ń wọ aṣọ ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìlà yẹn ló pa mí lẹ́kún. Mo wá rí i lẹ́yìn ìgbà náà pé òun ló wúlò jù, nítorí wọn kì í ka ohun tí òbí kankan ń ṣe fún ọmọ ọjọ́ orí kan náà. Èyí tó lé lórí ìyẹn ni wọ́n ń wá.

Màmá mi gbọ́ ọ lórí fóònù. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ fi ẹnu ara ẹ ṣépè fún un ni?" Mo ní, "Màmá, ẹ bá mi máa gbàdúrà, ẹ jẹ́ kí n máa kọ ìwé." Wọ́n dákẹ́, wọ́n wá rẹ́rìn-ín.

Mo ń fi ìwé náà pa mọ́ fún ọmọ. Ó rí i. Mo rò pé yóò bínú. Ó kà á tán, ó ní, "Mummy, ẹ gbàgbé síìpù." Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó kọ síìpù, ó kọ àlùmọ́gàjí, ó kọ ọ́ pé kí òun tó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù á ti pín ara wọn tán. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù yẹn, n kò gbọ́ ọ rí.

OT, ẹni tó ń kọ́ni bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ pẹ̀lú àìlera, wá sílé wò ó. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ilé, kó má jẹ́ ọ́fíìsì wọn, nítorí ọmọ á máa ṣe bí akọni níwájú àlejò títí bọ́tìnnì á fi dé. Iye tó pọ̀ jù tí NDIS gbà kí OT máa gbà ní wákàtí kan nígbà náà ni $193.99, wọ́n sì ń ka wákàtí tí wọ́n fi kọ ìwé mọ́ ọn. A kò tíì wọlé, nítorí náà àpò wa ni a fi san án. Medicare, ètò ìlera ìjọba, ń ranni lọ́wọ́ nígbà márùn-ún lọ́dún tí dókítà bá ṣe ètò rẹ̀, ṣùgbọ́n a ti lo ti ọdún yẹn sọ́dọ̀ físíò. Mo bẹ OT kó to ohun tó rí sábẹ́ nǹkan mẹ́fà tí òfin dárúkọ. Mo gbé ìwé náà fún dókítà wa kó tó kọ lẹ́tà tuntun, kí ọ̀rọ̀ wọn má baà tako ara wọn.

Ọjọ́ 60 ni wọ́n ní láti fi tún un yẹ̀ wò. Ó ku díẹ̀ kó pé tí wọ́n fi pè mí níbi iṣẹ́. Wọ́n gbà á.

Ìpàdé plan ló kàn, ìyẹn ìwé tó ń sọ ohun tí NDIS máa sanwó fún. Ẹni tó wá bá wa ṣe é béèrè pé kí ni ọmọ fẹ́ ṣe láàárín ọdún kan. Mo ti kọ gbólóhùn olóyinbó sílẹ̀ nípa òmìnira. Ọmọ ní òun fẹ́ máa se Indomie láìfi eyín ya ọ̀rá rẹ̀. Obìnrin náà kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, ó fi tèmi sílẹ̀. Inú ọ̀rọ̀ Indomie yẹn ni púpọ̀ nínú plan náà ti jáde: owó OT láti kọ́ ọ bí a ṣe ń fi ọwọ́ kan dáná wà lábẹ́ Capacity Building, ìyẹn owó ìkọ́ni; ọ̀bẹ tí a ń yí dípò kí a fà á, àti ohun tí kì í jẹ́ kí àwo yọ̀, wà lábẹ́ Core, ìyẹn owó nǹkan ojoojúmọ́. Ike ẹsẹ̀ wà lábẹ́ Capital, ìyẹn owó ohun èlò ńlá. Wọn ò fún wa ní kọ̀ǹpútà, wọ́n ní gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń lò ó. Olùrànlọ́wọ́ nínú kíláàsì, iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ni. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń dẹ iṣan, ti ilé ìwòsàn ni.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà láti ná owó náà: kí NDIA máa san án, kí èèyàn máa san án fúnra rẹ̀, tàbí kí plan manager, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ni sísan irú owó bẹ́ẹ̀, bá a san án. Ẹni tó bá ń san án fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ tọ́jú rìsíìtì fún ọdún márùn-ún. Èmi tí n kì í rí rìsíìtì àná? A mú plan manager. Owó tiwọn dá dúró nínú plan, kì í jẹ nínú ti ọmọ.

Nǹkan bí oṣù mẹ́rin ló kù kí a tún jókòó lórí plan tuntun. Ìwé kékeré yẹn ṣì wà lórí fíríìjì, ọmọ ló ń kọ ọ́ báyìí. Ohun tó kọ lálẹ́ àná: bàtà bọ́ọ̀lù, okùn rẹ̀.